Ọjọ́ tí Oníná Wá So Mítà

Páálí mítà tuntun wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, oníná kò sì yà sí i. Ó kí màmá mi, ó gba omi mu, ó wá lọ dúró níwájú mítà àtijọ́ tó ti wà lára ògiri ilé wa l'Ókè-Àdó, n'Ìbàdàn, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mítà onírin yíyí ni. Irin alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ kan ló wà lẹ́yìn gíláàsì rẹ̀, àmì dúdú sì wà létí irin náà. Bí iná tí à ń lò bá pọ̀, irin á yára yí. Bí ó bá kéré, á máa wọ́ bí ìgbín. Màmá mi mọ ìrìn rẹ̀ bí ẹni mọ ìrìn ọmọ. Ó lè kọjá lẹ́nu ọ̀nà, kó wò ó fìrí, kó sì pariwo sínú ilé pé ta ló gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí iná.

Oníná mú kílámpù jáde nínú àpò rẹ̀: ẹ̀rọ ìwọnná kan tó ní ẹnu bíi ti akàn, tí nọ́ńbà ń hàn lójú rẹ̀. Ó tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹnu náà là, ó sì fi gba wáyà méjèèjì tó ti mítà wọ inú ilé mọ́ra, féèsì àti níútírà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wò ó.

"Ọ̀gá, ṣebí ẹyọ kan lẹ ní ká máa há?"

"Bí o bá fẹ́ mọ iye iná tí wọ́n ń lò, ẹyọ kan ni. Kì í ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ mọ̀ báyìí."

Ohun tó fẹ́ mọ̀ nìyí. Iná tó bá gba féèsì wọlé gbọ́dọ̀ gba níútírà jáde, bó sì ṣe pọ̀ tó nígbà tó ń wọlé náà ló gbọ́dọ̀ pọ̀ tó nígbà tó ń jáde. Tí wáyà méjèèjì bá jọ wà lẹ́nu kílámpù, àlọ á pa àbọ̀ rẹ́, ojú rẹ̀ á sì kọ òfo. Kò kọ òfo. Ó kọ 1.2. Áńpù kan lé díẹ̀ ń gba níútírà wa padà, kò sì bá féèsì wa wá.

Mo rò pé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà. Kò fa nǹkan kan. Ó jáde lọ kí ìyá tó ń ta ẹlẹ́rìndòdò ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, ó ní, "Màmá, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ fíríìjì yín lára sókẹ́ẹ̀tì, kò ní í pẹ́." Nígbà tó padà dé, ojú kílámpù ti di 0.0. Ó dúró fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ̀rọ fíríìjì náà lè sinmi, ó wá rán ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n ki í padà. 1.2. Ó tún ní kí wọ́n yọ ọ́. 0.0. Ìgbà yẹn ló tó yé mi.

Ìyá ẹlẹ́rìndòdò kò jalè. Mítà tirẹ̀ wà lára ògiri tirẹ̀, ó sì ń san owó tirẹ̀. Wáyà ló ṣìnà nínú àjà, bóyá láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ ilé. Mítà onírin yíyí kò mọ̀ rí, torí féèsì nìkan ló ń wò. Èyí tó wà nínú páálí ń wo méjèèjì: etí kan wà lára féèsì, etí kejì wà lára níútírà. Bí ohun tí etí méjèèjì gbọ́ kò bá dọ́gba, yóò kà á sí pé ẹnìkan ń fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ lo iná, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni yóò sì fi gba owó. Ká ní ó so ó bẹ́ẹ̀, àwa ni ìbá máa sanwó fíríìjì ẹlẹ́rìndòdò, iná ìkìlọ̀ ìbá sì máa tàn lójú mítà wa tọ̀sán-tòru. Mo mọ ilé tí onílé àti ayálégbé ti fẹ̀sùn olè kan ara wọn lórí irú nǹkan báyìí. Kò sí ẹni tó há wáyà méjì pọ̀ wò fún wọn.

Kó tó gun àjà, iná gbọ́dọ̀ kú. Ọmọ iṣẹ́ gbé àkàbà lọ sídìí òpó, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó yọ fíúsì wa. Ọ̀gá ní kó má fi í sílẹ̀ lórí òpó. Inú àpò ṣòkòtò ọmọ náà ni fíúsì wà títí iṣẹ́ fi parí, kí aláàánú kankan má bàa gùn lọ dá iná padà fún wa.

Ó wá mú tẹ́sítà. Kì í ṣe wáyà wa ló kọ́kọ́ fi kàn. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, níbi tí iná ṣì wà, ó fi kan ihò sókẹ́ẹ̀tì: ó tàn. Ó padà wá fi kan wáyà wa: kò tàn. Ó tún gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ, ó fi kan ihò àkọ́kọ́: ó tàn. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń lọ tó ń bọ̀.

"Wáyà tó kú kì í tan tẹ́sítà. Tẹ́sítà tó kú náà kì í tàn. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó kú nínú méjèèjì?"

Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí ìyá ẹlẹ́rìndòdò pa súwíìsì àgbà tirẹ̀ náà, ó sì gun àjà. Mo ń tan tọ́ọ̀ṣì fún un láti ìsàlẹ̀. Eruku ọdún gbọọrọ wà níbẹ̀, àti ìtẹ́ ẹyẹ kan tó ti gbẹ. Ní igun tó kọjú sí ojúlé, ó rí wáyà dúdú mẹ́rin tí wọ́n lọ́ pọ̀, tí téèpù ara wọn ti yọ́ bí ọ̀dà. Kò gé wọn. Wáyà àtijọ́ tí a bá gé, gígùn rẹ̀ kì í padà mọ́, bí kò bá sì tó mọ́, àsopọ̀ míì ló máa bí. Ó rọra ń tú wọn, ó ń fi ẹnu píláyà na okùn bàbà kọ̀ọ̀kan títí ó fi tọ́. Ó wá mú ẹ̀rọ tó ń dún bí wáyà bá jẹ́ ọ̀kan náà láti ìdí dé orí. Ọmọ iṣẹ́ wà nísàlẹ̀, ó ń fi ẹnu ẹ̀rọ kan ihò sókẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá ń tẹ́tí lókè. Méjì jẹ́ tiwa. Méjì jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Ó fi téèpù funfun di àwọn ti ṣọ́ọ̀bù kó tó fi nǹkan kan so nǹkan kan. Wákàtí kan ààbọ̀ ló lò nínú àjà yẹn. Kò sí iṣẹ́ tó pẹ́ tó o ní ọjọ́ náà, kò sì sí èyí tí ojú kò ní í rí bíi tirẹ̀.

Mítà tuntun wá kúrò nínú páálí. Kò wúwo tó bí mo ti rò. Ó kàn án mọ́ ògiri lábẹ́ òrùlé, níbi tí òjò kò ti lè nà án, ó sì dojú kọ wáyà tó ti òpó wá.

Alumíníọ̀mù ni wáyà yìí, ó rọ̀ ju bàbà lọ. Ó fi wáyà náà wọn ihò mítà, ó fi èékánná sàmì sára rọ́bà rẹ̀ níbi tó yẹ kí ó bó dé. Ọ̀pọ̀ oníná tí mo ti rí máa ń yí ọ̀bẹ ká rọ́bà bí ẹni gé àlùbọ́sà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ náà lélẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń gbẹ́ pẹ́ńsù, ó ń fá rọ́bà lọ síwájú, kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí ojú ọ̀bẹ má bàa fi egbò sára wáyà. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i po, ó wò ó. Kò sí egbò.

Súkúrù méjì ló wà ní ihò kọ̀ọ̀kan. Ó fún tòkè, ó fún tìsàlẹ̀, ó wá padà sí tòkè, tòkè náà sì tún yí díẹ̀. Bí tìsàlẹ̀ bá ti di wáyà mú, wáyà á jókòó dáadáa sínú ihò, èyí tó ti kọ́kọ́ le lókè á wá dẹ̀. Ó di wáyà mú, ó fà á pẹ̀lú agbára. Kò mira. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kó irin iṣẹ́ jọ, ó jókòó.

Mo rò pé ó ti parí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó dìde, ó mú súkúrúdíráfà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ihò àkọ́kọ́. Gbogbo súkúrù ló tún gba díẹ̀ sí i, bí ìdá mẹ́rin ìyípo kan. Alumíníọ̀mù máa ń rọra sá fún súkúrù, ó ní, ó yẹ kí èèyàn dúró dè é. Níbi tí súkúrù kò bá ti le, iná kò ní rí àyè tó láti kọjá, ibẹ̀ á máa gbóná, rọ́bà á yọ́, mítà á jó. Mo gbà pé ẹ̀rọ inú mítà yìí jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ gidi. Síbẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọkùnrin yìí fi jókòó ni yóò pinnu bóyá ẹ̀rọ náà yóò pẹ́.

Ó ti ìdérí pa, ó fi síìlì há a, ó kọ nọ́ńbà síìlì àti nọ́ńbà mítà sínú ìwé. Nọ́ńbà mítà jẹ́ ẹyọ 11. Méjì àkọ́kọ́ ń sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Èyí tó gbẹ̀yìn kò sọ nǹkan kan fúnra rẹ̀, ìṣirò lórí mẹ́wàá tó ṣáájú ló bí i, kí ẹ̀rọ tó ń ta iná lè mọ̀ bí ẹnìkan bá ṣi ọ̀kan tẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ dá fíúsì padà sórí òpó. Kò sí nǹkan tó tàn. Ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́rìndòdò, tí wọ́n ti tan súwíìsì rẹ̀ padà, náà dákẹ́, ilé tó kọjú sí wa dákẹ́. Wọ́n ti mú iná lọ.

A jókòó. Màmá mi gbé ẹ̀wà àti dòdò wá fún wọn. Nínú ìjókòó yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀nà tí iná náà ń gbà bọ̀. Bóyá láti Ẹgbìn létí ọ̀sà, tí ẹ̀rọ mẹ́fà rẹ̀ lè pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320 bí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́, tàbí láti Káíńjì, tí omi ti ń yí ẹ̀rọ rẹ̀ láti ọdún 1968. Lórí wáyà 330,000 fóòtì ni yóò gbà dé Ayédé níbí n'Ìbàdàn, wọn yóò sọ ọ́ di 132,000, lẹ́yìn náà 33,000, lẹ́yìn náà 11,000, tíránsífọ́mà ìta wa yóò wá sọ ọ́ di èyí tí gílóòbù lè gbà. Gbogbo ẹ̀rọ ńlá wọ̀nyẹn, níbikíbi tí wọ́n wà, ìgbésẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń gbé: iná wọn ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní Òṣogbo ni yàrá ìdarí àpapọ̀ wà, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ṣọ́ 50 yẹn tọ̀sán-tòru. Bí àwọn tó ń lò ó bá pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ ń pèsè lọ, 50 náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, wọn yóò sì ní kí àwọn kan dín ẹrù kù kí gbogbo rẹ̀ tó ṣubú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdí tí a fi jókòó láìsí iná nìyẹn.

Nígbà tí àwọn ọmọdé ìta pariwo "Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!", agogo mẹ́rin ti lù. Orúkọ NẸ́PÀ ti kúrò lára òfin láti ọdún 2005, kò tíì kúrò lẹ́nu wọn.

Ojú mítà tàn. Ilé kò tàn, torí kò tíì sí yúnìtì kankan nínú rẹ̀. Oníná ki bátìrì bọ kíípáàdì, ó fi í sí sókẹ́ẹ̀tì ní pálọ̀, ó sì gbé e fún màmá mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ ẹ́, Màmá."

Ẹyọ nọ́ńbà 20 ni wọ́n fún un nígbà tó ra iná, mẹ́rin-mẹ́rin lọ́nà márùn-ún. Ìlànà rẹ̀ ti South Africa wá, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí wọ́n fẹ́ ta iná fún ọ̀pọ̀ ilé tí kò tíì ní in rí. Kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n kàn ṣà jọ. Iye yúnìtì wà nínú rẹ̀, a kà á dé ìdá mẹ́wàá yúnìtì kan. Ìṣẹ́jú tí wọ́n ta á wà nínú rẹ̀, tí wọ́n kà láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1993. Àmì àyẹ̀wò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n wá fi kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ ti mítà kan ṣoṣo ti gbogbo rẹ̀ pa, tó fi jẹ́ pé bí a bá gbé e lọ sí ilé kejì, mítà ibẹ̀ kò ní í mọ̀ ọ́n kà. Nítorí ìṣẹ́jú inú rẹ̀, a kò lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú náà gba 16,777,216, ó sì kún ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún àwọn èèyàn ní nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 20 méjì kan lọ́tọ̀ nígbà náà, pé kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n kó tó kan èyí tí wọ́n rà.

Màmá mi ń tẹ̀, ó ń dárúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní apá kẹrin ó ṣi ọ̀kan tẹ̀. Kíípáàdì kọ̀ ọ́. Kò sí ohun tó sọnù. Ó mú jígí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wáyà inú ògiri kan náà tó ń gbé iná fún fáànù ló gbé nọ́ńbà náà jáde lọ bá mítà, ní ìró tó yára púpọ̀púpọ̀ ju 50 lọ, tí etí wa kò lè gbọ́. Níbi tí wọ́n bá ti gbé àpótí ìkójọ sára tíránsífọ́mà, irú mítà yìí máa ń gba ọ̀nà kan náà ránṣẹ́ sí i, àpótí náà á sì fi síìmù káàdì bí ti fóònù sọ fún ọ́fíìsì iye tí ilé kọ̀ọ̀kan lò. Ṣùgbọ́n kí owó lè wọlé, kò nílò síìmù, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Àtàǹpàkò màmá mi ni okùn tó so ọ́fíìsì mọ́ ògiri wa.

A gbọ́ "ká" níta. Súwíìsì inú mítà ti so pọ̀. Máńgẹ́ẹ̀tì ló ń dì í mú síbẹ̀, kì í jẹ iná láti dúró. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Àwọn míì á kó irin iṣẹ́ wọn lọ níbí. Oníná ní kí a pa gbogbo nǹkan, fáànù, tẹlifíṣàn, ṣájà fóònù, kí a mú áyọ́ọ̀nù wá. Ìmọ́lẹ̀ pupa kékeré kan wà lójú mítà, wọ́n kọ 1000 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ìgbà 1000 tó bá ṣẹ́jú ni yúnìtì kan. Ohun tó ń mú un ṣẹ́jú wà nínú: irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi bàbà, máńgáníìsì àti níkẹ́ẹ̀lì pò, torí pé ooru kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ìwà rẹ̀ padà. Iná ilé wa gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ kan sì ń wò ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń sọ ohun tó rí di púpọ̀ pẹ̀lú fóòtì, ó ń rò ó pọ̀. Bí ó bá ti pé wáàtì kan fún wákàtí kan, ó ṣẹ́jú.

Ó há féèsì nìkan lọ́tẹ̀ yìí: áńpù 4.3. Fóòtì jẹ́ 224. Ó fi fóònù ṣe ìṣirò, wáàtì 963. Ìgbà mẹ́wàá tí ìmọ́lẹ̀ náà bá ṣẹ́jú gbọ́dọ̀ gba ìṣẹ́jú àáyá 37 lé díẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ gun àkàbà, ó tẹjú mọ́ mítà, ọ̀gá di aago fóònù mú.

"Oókan!" Ọ̀gá tẹ aago. "Eéjì! Ẹẹ́ta!" Títí dé "Ẹẹ́wàá!"

Aago dúró ní 33.6. Ojú màmá mi yí padà. Mítà tó bá ń fi ìdá mẹ́wàá sáré yóò jẹ owó púpọ̀ lọ́dún. Nígbà tí wọ́n sọ yúnìtì kan di ₦225 fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù lọ, ní oṣù kẹrin ọdún 2024, kọ́bọ̀ 22 ààbọ̀ ni ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ìmọ́lẹ̀ náà bá ṣẹ́jú.

Ọ̀gá kò wo mítà. Ọmọ iṣẹ́ ló wò. "Ibo lo ti bẹ̀rẹ̀?"

"Níbi oókan, Ọ̀gá."

"Nígbà tó kọ́kọ́ tàn tí mo tẹ aago, ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló ti kọjá?"

Ọmọ náà ronú lórí àkàbà. "Kò tíì kọjá rárá."

"Òfo nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ kọ́ là ń kà, àárín wọn là ń kà."

Wọ́n fẹ́ tún un ṣe, àmọ́ iná ara áyọ́ọ̀nù ti kú, ó ti gbóná tó, kò fa nǹkan mọ́. Wọ́n dúró kí ó tutù. Ọmọ iṣẹ́ kò sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí iná áyọ́ọ̀nù padà, ó ké "Òfo!", ohùn rẹ̀ sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Oókan. Eéjì. Màmá mi ń kà á lábẹ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹẹ́wàá: 37.3.

Òfin irú mítà yìí gbà á láyè láti ṣì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó wà lára ògiri wa kò ṣì tó bẹ́ẹ̀.

Bí iná bá wà nílé yín lónìí, ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ tan áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, kí ẹ lọ dúró níwájú mítà yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òfo.